Ìwé Tí A Kọ fún Ilé Ìdáná Ẹlòmíràn

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Iléṣà. Oṣù méje rèé tí màmá mi papò dà, láti ìgbà náà n kò lè ka ìwé gidi kankan mọ́. Ìwé ìtàn ìfẹ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín ló kù tí mo lè kà, àti ìwé tó ń kọ́ni ní kéèkì, èyí tí mo máa ń kà lórí ibùsùn bí ẹni ń ka ìtàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní ìwé ọ̀lẹ ni, pé yóò jẹ́ kí ọkọ mi sú mi, àti pé abiyamọ kì í ka irú rẹ̀. Mo wá ní kí n kúkú fi ìwé náà ṣiṣẹ́. Mo yan kéèkì mẹ́ta, ọ̀kan láti inú ìwé Amẹ́ríkà, méjì láti inú ìwé Ìlú Ọba, gbogbo wọn rì láàárín. Ẹnì kan ní òkè tó yí Iléṣà ká ló fà á. Ṣíńṣín ni màmá mi tà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà títí wọ́n fi dàgbà, agolo mílíìkì kan ni wọ́n fi ń wọn fúláwà, kò sì bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Ṣé àìsàn ló ń ṣe mí ni àbí ìmẹ́lẹ́? Ṣé kí n kó àwọn ìwé náà dànù? Èmi ni Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ẹ̀yìn wọn á dára. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ohun mẹ́ta ni ẹ dì sínú ẹrù kan: ìwé tí ẹ ń kà, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín sọ, àti kéèkì tó rì. Ohun tó ká mi lára jù ni bí ẹ ṣe dì wọ́n pọ̀. Ó dà bíi pé ẹ ń fi kéèkì tó rì ṣe ẹlẹ́rìí pé ẹ̀yin fúnra yín ti ń rì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ìdì yẹn. Fúláwà, bọ́tà àti iná ló mú kéèkì yín rì. Kéèkì kò mọ̀ pé ẹ ń ṣọ̀fọ̀.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wá, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kéèkì sí Làgéré, mo sì gbé pẹpẹ ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ káńtà, kí ẹni tó bá wù lè yá ìwé lọ sílé. Ìwé ìsìn wà níbẹ̀, ìwé ìtàn ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, ti òṣèlú náà wà. Ṣùgbọ́n àwọn tí èèpo ẹ̀yìn wọn ti ya, tí mò ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìwé ìfẹ́ ẹlẹ́rìn-ín àti ìwé kéèkì ni. Mo sì mọ àwọn tó ń yá wọn. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá oníṣòwò tí oníbàárà jẹ ní gbèsè tí kò san. Ẹni tó ti rẹ̀ ló ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí ọ̀lẹ kan tó wá yá a.

Ẹ ní ẹ kò lè ka ìwé gidi mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ "gidi" yẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ìyá àgbà bá ní "Ààlọ́ o," tí a gbà á ní "Ààlọ̀," ta ni kò mọ̀ nínú wa pé ọwọ́ á tẹ Ìjàpá? A ti gbọ́ ọ lánàá, a ti gbọ́ ọ níjẹta. Bí ìyá àgbà bá sì gbìyànjú láti yí ìparí rẹ̀ padà, àwa ọmọ la ó kọ́kọ́ pariwo. Mímọ̀ tí a mọ ìparí rẹ̀ ló ń jẹ́ ká lè sùn. Irú àdéhùn yẹn gan-an ni ìwé ìfẹ́ ń bá òǹkàwé rẹ̀ ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ohun méjì ló ń sọ ìwé di ìtàn ìfẹ́: kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jẹ́ òpó tó gbé ìtàn ró, kí ìparí rẹ̀ sì tẹ́ni lọ́rùn, kó ní ìrètí nínú. Òǹkọ̀wé tó bá pa ọ̀kan nínú olólùfẹ́ méjèèjì sójú ewé tó kẹ́yìn ti da àdéhùn. Ẹ̀yin ni ikú já kulẹ̀ ní oṣù méje sẹ́yìn. Kò yà mí lẹ́nu pé ìwé tí kì í jáni kulẹ̀ ni ọkàn yín ń wá kiri.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ọkùnrin àti obìnrin á pàdé, ìjà tàbí ìtìjú ni wọn á fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí èkejì láṣọ, tàbí wọ́n jọ ń du ipò kan náà níbi iṣẹ́, tàbí wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ń fẹ́ra kí ẹbí lè yéé yọ wọ́n lẹ́nu. Ohun kan á wá so wọ́n mọ́ ojú kan, tí wọn kò fi ní lè sá fún ara wọn. Àìgbọ́ra-ẹni-yé á máa bí ẹ̀rín, ẹ̀rín á máa bí ìfẹ́. Bí ìwé bá ti rìn dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọn á jà ní tòótọ́, wọn á pínyà, ẹni tó ń kà á á sunkún. Ẹkún yẹn ni kí ẹ fiyè sí, nítorí ẹkún tó ní òdiwọ̀n ni. Ẹ mọ̀ pé ó ku ọgọ́ta ojú ewé, ẹ sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ni wọn yóò ti parí ìjà. Ẹni tí ẹkún ńlá wà nínú rẹ̀, tí kò mọ ibi tí yóò parí sí, máa ń rí ìsinmi nínú ẹkún kékeré tó mọ ìparí rẹ̀. Ní ọdún tí mo sin ọkọ mi, ìwé kan ṣoṣo ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù mẹ́ta. Mo ti mọ ojú ewé tí ẹ̀rín wà, mo sì máa ń lọ bá a níbẹ̀ bí ẹni lọ kí ọ̀rẹ́.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìtàn rárá. Ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Janice Radway, jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ka ìwé ìfẹ́ ní ìlú kan lórílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1984. Ó ń bi wọ́n nípa ìtàn, àwọn ń tẹnu mọ́ kíkà fúnra rẹ̀: pé bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́ ìyá, gbogbo ilé á mọ̀ pé ìyá kò sí nítòsí fúngbà díẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú wọn. Radway kò fi mọ síbẹ̀ o. Ó béèrè bóyá ìsinmi yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí obìnrin máa fara da ohun tó yẹ kí wọ́n bá a yí padà. Èmi náà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, Ìyá Ìbejì. Láti oṣù méje yìí, ta ló ń wẹ ìbejì lálẹ́? Ta ló ń dáná? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹ bá bàbá ìbejì sọ̀rọ̀, nítorí ìwé lè fún yín ní wákàtí kan, kò lè fọ abọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kì í ṣe tuntun létí mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tiwa, kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń bo Mills & Boon lẹ́yìn kí olùkọ́ lè rò pé ìwé ìṣirò ni. Ní 1908 ni wọ́n dá ilé ìtẹ̀wé yẹn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn obìnrin kò sì yéé fi ìwé rẹ̀ pamọ́ títí di òní. Nígbà tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé Pacesetters ní 1977, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí orúkọ àti ìlú tiwa nínú ìwé tí ọ̀dọ́ lè kà tán lọ́jọ́ kan, síbẹ̀ a ò yéé bò ó lẹ́yìn. Ìyẹn ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ fi sùúrù gbọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ń sọ. Pé abiyamọ kì í ka irú rẹ̀, n kò gbà. Abiyamọ ló kún inú ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ ayáwèé sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú yàrá ló ń bà wọ́n lẹ́rù, òótọ́ ni pé àwọn ìwé kan ń sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó débẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ irú èyí lè béèrè kó tó yá a.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn ti tọ́, kò sì yẹ kí n bò ó. Ọkùnrin inú ìwé kì í ní àbúrò mẹ́rin tó ń san owó ilé ìwé wọn. Ìyá rẹ̀ kì í gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kì í pẹ́, ó sì máa ń ráyè sáré lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lọ tọrọ àforíjì nínú òjò. Bí ẹ bá fi irú ọkùnrin yẹn wọn bàbá ìbejì, bàbá ìbejì á kúrú. Òṣùwọ̀n ilé ẹlòmíràn ni ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Cassava Republic dá Ankara Press sílẹ̀ ní 2014 fún ìtàn ìfẹ́ tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa; ní 2015, wọ́n tilẹ̀ gbé àkójọ ìtàn ìfẹ́ kéékèèké jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn sí èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ẹ máa ka ti òyìnbó tó bá wù yín, kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé ìdáná tí wọ́n kọ ọ́ fún kì í ṣe tiyín.

Òṣùwọ̀n yìí náà ló ba kéèkì yín jẹ́. Òkè Iléṣà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìlú yín kò ga tó 500 mítà sókè òkun, ó tó nǹkan bí 900 sí 1,000 mítà kí gíga ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í da kéèkì láàmú. Ará Jọ́ọ̀sì, tó ga ju 1,200 mítà lọ, ló lè fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ohun tí mo fura sí lákọ̀ọ́kọ́ ni fúláwà. Nínú ìwé Ìlú Ọba, fúláwà tí wọ́n máa ń dárúkọ jù fún kéèkì ni self-raising, èyí tí wọ́n ti po ohun tó ń wú u mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Èyí tí a sábà ń rà lọ́jà níbí kò ní in. Bí ẹ bá lo tiwa, ẹ fi ṣíbí tíì méjì baking powder sí gíráàmù 150 fúláwà. Ẹ má sì rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù: bó bá pọ̀ jù, kéèkì á sáré ga kí ara rẹ̀ tó dì, á sì wó lulẹ̀. Baking powder tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣiṣẹ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná. Bí kò bá hó yéè, ẹ dà á nù.

Ìwé Amẹ́ríkà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Kọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, kọ́ọ̀pù wọn sì gba nǹkan bíi mìlílítà 240. Bí ẹ bá fi ṣíbí rọra bu fúláwà sínú rẹ̀, á tó nǹkan bíi gíráàmù 120. Bí ẹ bá ti kọ́ọ̀pù náà bọ inú àpò tí ẹ sì wà á jáde, ó lè di 150. Nínú kéèkì oníkọ́ọ̀pù mẹ́ta, ẹ ti fi gíráàmù 90 sí i láìmọ̀. Ẹyin ńkọ́? Ẹyin tí wọ́n ń pè ní ńlá ní Ìlú Ọba wúwo tó gíráàmù 63 sí 73 pẹ̀lú èèpo. Èyí tí mò ń rà níbí sábà máa ń wà ní nǹkan bí 50 sí 55. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n wọn ẹyin mẹ́rin pẹ̀lú èèpo wọn. Bó bá jẹ́ gíráàmù 220, kí bọ́tà jẹ́ 220, kí ṣúgà jẹ́ 220, kí fúláwà jẹ́ 220 pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́ta baking powder. Àtijọ́ ni ọgbọ́n yìí, kì í tàn ẹni.

Ọ̀rọ̀ bọ́tà ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni kò sí ìwé òyìnbó tó máa sọ ọ́ fún yín. Wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí bọ́tà wà bí ooru inú ilé ṣe rí. Ooru inú ilé tiwọn jẹ́ 18 tàbí 20 Celsius. Tiwa ní oṣù Èrèlè lè tó 32. Nígbà tí ẹ bá ń po bọ́tà àti ṣúgà, ìdí tí ẹ fi ń pò ó ni láti kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ohun tí baking powder máa ń ṣe ni pé ó ń fẹ àwọn ihò afẹ́fẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bọ́tà tó ti yọ́ kò lè di afẹ́fẹ́ mú. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, ẹ mú un jáde nígbà tí ìka bá lè wọ̀ ọ́ díẹ̀ láìrì pátápátá, kí ẹ sì pò ó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bí iná bá ń ṣeré mọ́ yín lọ́wọ́, omi tútù nínú ọpọ́n nísàlẹ̀ abọ́ á ran yín lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń ta nínú ike, tí wọ́n ní ọ̀rá rẹ̀ kéré, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi jẹ búrẹ́dì.

Ní ti iná, 180 Celsius ni ìwé Amẹ́ríkà ń pè ní 350 Fahrenheit, òun náà ni ìwé Ìlú Ọba ń pè ní gas mark 4. Ófùn gáàsì tí a ń lò nílé kì í sábà sọ òótọ́ fúnni. Òṣùwọ̀n ooru kékeré tí a ń so sínú rẹ̀ lè fi ìyàtọ̀ tó tó 30 hàn yín. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò tó pé, nítorí ẹyin àti fúláwà kò tíì dì nígbà náà, atẹ́gùn tútù á sì wó o. Ìkòkò onírin tí a da yanrìn sí nísàlẹ̀, tí a kó ẹ̀yinná lé ìdérí rẹ̀, náà máa ń yan kéèkì dáadáa, mo ti fi jẹ ẹ̀bùn níbi ìdíje àwọn olùkọ́ rí. Ṣùgbọ́n ó ń gba ojú àti sùúrù, n kò sì ní dá a lábàá fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Owó kékeré tí ẹ bá ní, ẹ fi ra òṣùwọ̀n oníbátìrì tó ń wọn gíráàmù kí ẹ tó ronú ófùn tuntun. Bó bá sì jẹ́ pé owó ẹyin àti gáàsì ń dùn yín, kò sóhun tó burú nínú kí ẹ máa ka ìwé kéèkì láìyan nǹkan kan.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, nítorí ó dà bíi pé ojú ń tì yín pé ẹ ń kà á lórí ibùsùn. Ìwé kéèkì ń fi ìparí rẹ̀ hàn lójú ewé àkọ́kọ́: àwòrán rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó pọ́n dẹ́dẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹyin fífọ́, pípò, dídúró. Ìtàn ìfẹ́ ni, láìsí èdè àìyedè. Àwọn baba wa tó túmọ̀ Bíbélì pe búrẹ́dì ní àkàrà, wọ́n sì pe ohun tó ń mú un wú ní ìwúkàrà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré. Ohun tó wà nílẹ̀ pẹlẹbẹ ni, a dé e, a kúrò níbẹ̀, nígbà tí a padà dé ó ti dìde. Ẹni tí òkú sùn nílé rẹ̀ lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó má sì sú u.

Ohun kan wà tó kọjá agbára mi. N kì í ṣe dókítà. Ẹ kò sọ pé ẹ kì í jẹun tàbí pé ẹ kì í sùn. Ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ìwé bá pa yín lẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lórí yín. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá dẹ́kun àtipa yín lẹ́rìn-ín, bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí wíwẹ̀ bá di ẹrù, tàbí tí ọkàn yín bá ń sọ pé ó sàn kí ẹ lọ bá màmá, ẹ má dúró de ìdáhùn lẹ́tà kankan. Ẹ lọ sí Wesley Guild lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ara ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wa ni, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ wá sí Ifẹ̀, ọ̀nà kò jìn.

Ní báyìí, ẹ dá àwọn ìwé yín padà sórí pẹpẹ. Kéèkì kẹrin lè dúró. Agolo mílíìkì màmá ni mo ń rò láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín. Bó bá ṣì wà nílé, ẹ gbé e jáde kí ẹnì kan tó fi í bu omi adìẹ. Ẹ bu fúláwà sí i bí wọ́n ṣe ń bù ú. Ṣé wọ́n máa ń gbọ̀n ọ́n kó lè kì ni, àbí wọ́n kàn ń fi ìka gbá orí rẹ̀? Ọwọ́ yín á rántí. Ẹ dà á sórí òṣùwọ̀n, ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé àjákọ tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó bá wọn pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Àtàkúmọ̀sà, ẹ bi í léèrè iye agolo ṣúgà tí wọ́n ń fi sí agolo fúláwà mẹ́wàá, bóyá wọ́n ń fi èròjà olóòórùn dídùn tí à ń pè ní arìwò sí i, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé òróró ti gbóná tó.